Àsomọ́ Telehandler Lórí Sáìtì: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Èrò Lórí Ààbò

Telehandler jẹ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù tí apá rẹ̀ ń gùn tí ó sì ń kúrú. Ara rẹ̀ jọ ti katakata, ṣùgbọ́n apá irin kan ṣoṣo ni ó ń yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síwájú, tí ó ń gòkè, tí ó sì ń nà kọjá táyà iwájú. Ní ọdún 1977 ni ilé-iṣẹ́ JCB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tirẹ̀ tí wọ́n pè ní Loadall jáde. Láti ìgbà náà, irú ẹ̀rọ yìí ti di ohun tí a ń rí lóko àti lórí sáìtì ìkọ́lé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹnu apá náà ni ó sọ ọ́ di ààyò, nítorí ohun tí a bá so mọ́ ọn, ìyẹn àsomọ́, ni ó ń pinnu iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe. Bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀kì, yóò gbé páléètì búlọ́ọ̀kù; bí ó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, yóò kó yanrìn; bí ó bá jẹ́ ìkọ́, yóò fi okùn gbé igi òrùlé; bí ó bá sì jẹ́ agbọ̀n, yóò gbé ènìyàn lọ sókè.

Ibi tí àǹfààní yìí ti wá náà ni ewu rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀rọ tí a dán wò pẹ̀lú fọ́ọ̀kì kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà mọ́ nígbà tí ìkọ́ tàbí agbọ̀n bá wà lẹ́nu rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ yí padà, ibi tí ẹrù jókòó sí yí padà, ojú tí òfin fi ń wò ó náà sì lè yí padà. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi gba iwájú nínú ọ̀rọ̀ ààbò rẹ̀: kí ni ó gbọ́dọ̀ dájú kí a tó so ohun kan mọ́ ẹ̀rọ yìí, ta sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ àṣẹ? Ìdáhùn márùn-ún ni ó gbilẹ̀ láàárín àwọn aṣòfin, àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn ẹnjiníà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣọ́ apá kan nínú ewu náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ṣọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Bí àsomọ́ ṣe ń yí agbára ẹ̀rọ padà

Telehandler kì í ní ìwọ̀n agbára kan ṣoṣo. Bí òṣùwọ̀n alápá méjì ni ó rí: táyà iwájú ni òṣùwọ̀n náà dúró lé, ìwúwo ara ẹ̀rọ wà lẹ́yìn, ẹrù sì wà níwájú. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí táyà iwájú tó ni agbára rẹ̀ láti fa ẹ̀rọ dojúdé ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó lè gbé tọ́ọ̀nù 4 nígbà tí apá rẹ̀ kúrú lè má lè gbé ju tọ́ọ̀nù 1 àti díẹ̀ lọ nígbà tí apá náà bá nà tán síwájú. Àtẹ ìwọ̀n ẹrù tí ó wà níbi ìjókòó awakọ̀ ni ó ń fi èyí hàn. Àsomọ́ kan ni a sì ṣe àtẹ kọ̀ọ̀kan fún. Àtẹ fọ́ọ̀kì kò lè sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò gbé nígbà tí ìkọ́ bá wà lẹ́nu rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a yọ ìwúwo àsomọ́ kúrò nínú agbára ẹ̀rọ, kí a sì gbà pé ìyókù ni ẹrù tí a lè gbé. Ìṣirò kékeré kan fi hàn pé èyí kò tó. Bí ojú fọ́ọ̀kì bá fi mítà 1.5 jìnnà sí àárín táyà iwájú, tí àárín ẹrù sì fi mítà 0.6 wà níwájú ojú fọ́ọ̀kì, ẹrù kílógíráàmù 3,000 ń fi agbára 3,000 lọ́nà 2.1, èyí tí í ṣe 6,300, fa ẹ̀rọ síwájú. Bí a bá wá fi àsomọ́ kan tí ó wúwo tó kílógíráàmù 300 sí ẹnu apá, tí ó ti ẹrù síwájú ní mítà 0.25, tí àárín òun fúnra rẹ̀ sì wà ní mítà 1.7, ó ti gba 510 nínú 6,300 náà. Ìyókù, 5,790, ni a óò pín sí ọ̀nà 2.35, tí yóò fún wa ní nǹkan bíi kílógíráàmù 2,464. Àsomọ́ tí ó wúwo tó 300 ti jẹ ju 500 lọ nínú agbára ẹ̀rọ, nítorí kì í ṣe ìwúwo rẹ̀ nìkan ni ó mú wá, ó tún sún ẹrù jìnnà.

Ewu kejì wà ní ẹ̀gbẹ́. Bí ilẹ̀ bá fì, tí apá sì ga sókè, ìtẹ̀sí díẹ̀ nísàlẹ̀ ń di ìyàtọ̀ ńlá lókè, ẹ̀rọ sì lè ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kí awakọ̀ tó mọ̀. Ewu kẹta wà lára ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Fọ́ọ̀kì tí ó ti jẹ títí ìnípọn rẹ̀ fi dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀, nítorí agbára irin láti má tẹ̀ ń tẹ̀lé ìnípọn rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Ìlànà àgbáyé ISO 5057 ní kí a yọ irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Èrò kìíní: ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni kí ó fọwọ́ sí i

Àwọn tó di èrò yìí mú gbà pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ gbogbo ìṣirò inú rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ohunkóhun kan ẹnu apá láìsí àṣẹ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sún mọ́ èrò yìí jù. Ìlànà tí OSHA, àjọ ààbò ibi iṣẹ́ níbẹ̀, ṣe fún ibi iṣẹ́ ìkọ́lé sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àyípadà tàbí àfikún tí yóò kan agbára ẹ̀rọ tàbí ààbò rẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí alákọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ó tún ní kí a pààrọ̀ àwo irin tí ó ń sọ agbára ẹ̀rọ kí ó lè bá ipò tuntun mu.

Agbára èrò yìí ni pé kò fi àyè sílẹ̀ fún àbá. Àtẹ ìwọ̀n ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ṣe ti gba ìdánwò kọjá, ó sì hàn kedere ẹni tí ó jẹ́ lẹ́jọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. Fún awakọ̀, òfin rẹ̀ rọrùn láti rántí: bí àsomọ́ kò bá sí nínú ìwé ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ lọ sókè.

Àìlera rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń ta àsomọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ó lè kọ ti ẹlòmíràn láìsọ ìdí kankan tó jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó lè má dáhùn rárá, ó sì lè ti kógbá wọlé. OSHA fúnra rẹ̀ rí ìṣòro yìí. Nínú àlàyé tí àjọ náà ṣe lórí òfin rẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ kò bá dáhùn tàbí tí ó kọ̀ láìsí ìdí tó jẹ mọ́ ààbò, ìfọwọ́sí ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ, lẹ́yìn tí ó ti ṣe àyẹ̀wò ààbò, lè rọ́pò rẹ̀. Ìyọ̀ǹda yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún èrò kejì.

Èrò kejì: ẹni tó ṣe àsomọ́ àti ẹnjiníà lè jẹ́rìí sí i

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ẹ̀rọ 2006/42/EC ka ohun tí awakọ̀ lè so mọ́ ẹ̀rọ láti fún un ní iṣẹ́ tuntun sí ẹ̀rọ kan tí ó dá dúró lójú òfin. Ẹni tó ṣe àsomọ́ náà gbọ́dọ̀ fi àmì CE, tí ó ń fi hàn pé ó bá òfin mu, sí i, kí ó kọ ìwé ìlò rẹ̀, kí ó sì sọ irú àwọn ẹ̀rọ tí a lè so ó mọ́ láìséwu. Òfin tuntun, 2023/1230, ni yóò rọ́pò rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2027.

Èrò yìí gbà pé ìmọ̀ kò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ó ń ṣe ohun tí a fi ń di paipu mú lè mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó ṣe ẹ̀rọ lọ. Ó tún jẹ́ kí ọjà ṣí sílẹ̀, kí a lè rí àsomọ́ tí ó bá iṣẹ́ mu gan-an dípò kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi èyí tí kò yẹ ṣe é.

Ṣùgbọ́n àmì CE lórí àsomọ́ kò sọ ẹ̀rọ pàtó tí ó wà níwájú awakọ̀ lórí sáìtì. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ so ìwé ẹ̀rọ àti ìwé àsomọ́ pọ̀, kí ó ṣírò agbára tó kù, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, tí a yá àsomọ́ lọ́wọ́ òmíràn, ojúṣe yìí lè bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn.

Àwọn ìlànà pàápàá kò fi ohùn ṣọ̀kan. Lórí irin tí a ń kì bọ fọ́ọ̀kì láti mú un gùn, ìlànà Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí irin náà fi ju ìdajì gígùn fọ́ọ̀kì lọ gùn ju fọ́ọ̀kì lọ. ISO 13284 ní tirẹ̀ béèrè pé kí fọ́ọ̀kì tó ìdá 60 nínú 100 gígùn irin náà. Fún fọ́ọ̀kì mìlímítà 1,200, ti Amẹ́ríkà gba 1,800, ti ISO sì gba 2,000.

Èrò kẹta: kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ara rẹ̀

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan gbà pé ìwé àti àwo irin kò lè dá awakọ̀ tó ń kánjú dúró, nítorí náà kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ ohun tó léwu. Ìlànà EN 15000 ti Yúróòpù, tí ó jáde ní ọdún 2008, béèrè fún ohun tí yóò máa wọn bí ẹ̀rọ ti ń sún mọ́ dídojúdé síwájú, tí yóò sì dá a dúró. Lórí ọ̀pọ̀ telehandler, ìwúwo tí ó kù lórí táyà ẹ̀yìn ni a ń wọ̀n. Bí ó bá ti fúyẹ́ jù, iná pupa yóò tàn, apá kò sì ní lè nà sí i tàbí sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kí awakọ̀ fà á wọlé nìkan ni ó kù. Èyí ń dí ojú àṣìṣe kan pàtó: tí a bá ń sọ apá tó nà kalẹ̀, ó ń ti ẹrù síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìsọ̀kalẹ̀ ni ibi ààbò.

Lórí àwọn telehandler tí òkè wọn ń yí po, ìmọ̀ yìí ti lọ síwájú. Merlo àti Manitou wà lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ó lè dá àsomọ́ mọ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò sì gbé àtẹ tó bá a mu jáde lójú ẹsẹ̀. Ó mú ẹrù ìrántí kúrò lórí awakọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bákan náà ní òwúrọ̀ àti ní àṣálẹ́ tí ó ti rẹ ènìyàn.

Àìlera rẹ̀ kò kéré. Ìdádúró EN 15000 ń ṣọ́ iwájú nìkan. Kò ṣọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó tún wà fún iṣẹ́ tí a ń ṣe lójú kan ju fún ìgbà tí ẹ̀rọ ń rìn lórí ilẹ̀ gbágungbàgun lọ. Kò mọ̀ bóyá okùn ti gbó tàbí píìnì kò wọlé dáadáa. Àsomọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn lè má ní àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ yóò kà, awakọ̀ yóò sì padà sí yíyan àtẹ fúnra rẹ̀, tí ó sì lè ṣì í yàn. Ewu mìíràn ni pé awakọ̀ lè sọ ìdádúró di òṣùwọ̀n, kí ó máa gbé ẹrù títí iná pupa yóò fi tàn, dípò kí ó mọ ìwúwo ẹrù kí ó tó gbé e.

Èrò kẹrin: ìmọ̀ awakọ̀ àti ètò iṣẹ́ ni ìpìlẹ̀

Èrò yìí fi ènìyàn sí àárín. Òfin LOLER ti ọdún 1998 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣètò gbogbo iṣẹ́ gbígbé ẹrù sókè, kí a máa mójú tó o, kí a sì ṣe é láìséwu. Òfin PUWER ti ọdún kan náà béèrè fún ẹ̀kọ́ tó péye fún ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, OSHA fi àsomọ́ àti ààlà ìlò rẹ̀ sínú ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́, ó sì ní kí a tún máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta.

Agbára èrò yìí ni pé ó dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ kò dé. Ojú ènìyàn ni ó lè rí i pé ilẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn òjò, pé táyà kan ti sọ afẹ́fẹ́ nù, pé òṣìṣẹ́ kan ń kọjá lábẹ́ apá. Nígbà tí a bá ń pààrọ̀ àsomọ́, ènìyàn ni yóò rí i pé píìnì ti wọ ihò rẹ̀ já. Yóò yí ẹnu apá sísàlẹ̀ sókè nítòsí ilẹ̀ láti dán an wò, yóò sì rí i pé ọ̀pá háídírọ́líìkì kò há. Píìnì tí kò wọlé ni ó máa ń jẹ́ kí àsomọ́ já bọ́, kò sì sí àtẹ ìwọ̀n ẹrù kankan tí ó lè dá èyí dúró.

Àìlera rẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí awakọ̀ sábà máa ń dá lórí fọ́ọ̀kì. Ẹni tó gba ìwé náà lè má tíì fi ìkọ́ gbé ẹrù rí. Àárẹ̀, ìkánjú ọ̀gá àti àṣà sáìtì ń borí ẹ̀kọ́. Ó tún rọrùn kí ilé-iṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ bo ẹ̀bi ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí gbogbo àṣìṣe sì di ti awakọ̀, àní nígbà tí kò sí àtẹ tó bá àsomọ́ mu nínú ẹ̀rọ rárá.

Èrò karùn-ún: kí a fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí a ṣe fún un

Èrò yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ara àsomọ́. Iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ wò. Ó ní àwọn iṣẹ́ kan wà tí telehandler lè ṣe, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí ó ṣe nígbà tí kírénì tàbí ẹ̀rọ agbénìyàn bá wà nítòsí. Orí méjì ni àríyànjiyàn náà dá lé.

*Ẹrù tí ó rọ̀ sórí okùn.* Ẹrù orí fọ́ọ̀kì jókòó pẹ̀sẹ̀. Ẹrù orí okùn ń fì. Bí ẹ̀rọ bá dúró lójijì, ẹrù yóò fì síwájú, yóò sì jìnnà ju ibi tí àtẹ sọ lọ. Bí ilẹ̀ bá fì, yóò fà sí ẹ̀gbẹ́. Òfin kírénì tí OSHA gbé jáde ní ọdún 2010 yọ telehandler sílẹ̀, àfi bí a bá ti fi wíǹṣì tàbí ìkọ́ sí i láti gbé ẹrù tó rọ̀ sókè, kí ó sì gbé e kiri. Nígbà náà ó ti wọ abẹ́ òfin kírénì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá a lẹ́kun bí a bá lo àsomọ́ tó yẹ, tí a sì ṣètò iṣẹ́ náà lábẹ́ LOLER. Ohun tó léwu ni kí a kàn fi okùn kọ́ orí fọ́ọ̀kì lásán, nítorí okùn lè yọ̀ kúrò, etí irin sì lè gé e.

*Ènìyàn nínú agbọ̀n.* Oríṣi agbọ̀n méjì ni ó wà. Ti àkọ́kọ́ so mọ́ ẹ̀rọ pátápátá, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ń darí apá. Èkejì jẹ́ agbọ̀n lásán tí a gbé sórí fọ́ọ̀kì, tí ẹlòmíràn nísàlẹ̀ sì ń darí. Ìwé ìtọ́nisọ́nà PM28 ti HSE, àjọ ààbò ibi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ kí a lo irú kejì fún iṣẹ́ tí a ti lè ṣètò sílẹ̀. Ìgbà tó ṣọ̀wọ́n nìkan ni ó gbà á láàyè. Ìlànà OSHA lórí àga iṣẹ́ (scaffold) gba pátákó orí fọ́ọ̀kì láàyè, bí gbogbo rẹ̀ bá so mọ́ fọ́ọ̀kì, tí ẹ̀rọ kò sì rìn nígbà tí ènìyàn bá wà lórí rẹ̀.

Agbára èrò yìí ni pé ó ń mú ewu kúrò dípò kí ó dín in kù. Ṣùgbọ́n ó gba owó àti àyè. Ní sáìtì kékeré, kírénì lè má rí ọ̀nà wọlé, mímú un wá fún ẹrù kan ṣoṣo sì lè jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ padà sí fífi orí àti àtẹ̀gùn gbé e, èyí tí ó ní ewu tirẹ̀.

Ibi tí gbogbo èrò ti pàdé

Láìka ìyàtọ̀ wọn sí, àwọn ohun kan wà tí kò fa iyàn. Gbogbo àsomọ́ gbọ́dọ̀ ní àmì tí ó sọ ẹni tó ṣe é, ìwúwo rẹ̀ àti ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Èyí tó kéré jù láàárín agbára ẹ̀rọ, agbára àsomọ́ àti agbára okùn ni ààlà iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró déédéé kí apá tó gòkè; a kò gbọdọ̀ tún un tọ́ nígbà tí ẹrù bá ti wà lókè. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa apá wọlé kí a tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹrù, ọ̀nà ẹ̀rọ àti ti ẹlẹ́sẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀, nítorí apá àti àsomọ́ ńlá ń bo ojú awakọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìṣòro kìíní ni ti ìfọwọ́sí nígbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bá dákẹ́. Amẹ́ríkà fún ẹnjiníà láyè, Yúróòpù gbé e lé ẹni tó ṣe àsomọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà kan tó sọ bí ìṣirò náà ṣe gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ìkejì ni àyẹ̀wò. LOLER béèrè fún àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà-mẹ́fà fún ohun tí a fi ń so ẹrù kọ́ àti ohun tí ó ń gbé ènìyàn, àti oṣù méjìlá-méjìlá fún àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù yòókù. Bóyá àsomọ́ kan jẹ́ apá ẹ̀rọ ni tàbí ohun ìsokọ́, èyí ń da àwọn tó ń tọ́jú ìwé rú.

Ìkẹta ni ìrìn pẹ̀lú ẹrù orí okùn lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́. Àtẹ ìwọ̀n ẹrù dá lórí ẹ̀rọ tó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Iye tí ó yẹ kí a dín kù fún ìrìn, fún afẹ́fẹ́ àti fún fífì kò tíì ní òdiwọ̀n kan tí gbogbo ènìyàn gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì ìdánimọ̀ àsomọ́ kò tíì ní èdè kan tí ẹ̀rọ gbogbo ilé-iṣẹ́ lè kà.

Ìkẹrin kan àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ ń dé ṣáájú òfin. Ní Nàìjíríà, Òfin Ilé-Iṣẹ́ ní ohun tó sọ lórí ẹ̀rọ agbẹ́rù, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ti ń ṣàríwísí rẹ̀ tipẹ́ pé kò kó ibi iṣẹ́ ìkọ́lé mọ́ra bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ lè dé láìsí ìwé ìlò, àwo irin rẹ̀ lè wà ní èdè tí awakọ̀ kò gbọ́, àsomọ́ tí a rà lọ́tọ̀ sì lè má ní àtẹ kankan. Nínú èrò márààrún tí a yẹ̀ wò, mẹ́ta àkọ́kọ́ dúró lórí ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè má ní: ilé-iṣẹ́ tí yóò dáhùn, ìwé àsomọ́ tó pé, àti sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó kù ni ẹni tí yóò ṣe ìṣirò tuntun fún ẹ̀rọ àti àsomọ́ náà kí wọ́n tó wọ sáìtì, àti àjọ tí yóò ní agbára láti béèrè fún un.